Mẹ́káníìkì ọ̀nà Ìlọrin tó fa ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mi gbẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì jẹun ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ata, ẹ̀yin alágàrí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kan fún yín. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń lọ pákí fún àwọn èèyàn ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n. S195 ni ẹ́ńjìnnì mi, ti Ṣáínà, onípísítìnì kan, agbára ẹṣin 12, èyí tí a máa ń bu omi sí lórí.

Ẹni tó ń bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì tẹ́lẹ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bó bá dé, á na ọwọ́ sábẹ́, á tú nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì á ṣàn díẹ̀, á ní ó ti tán. Kò lè tán! Sìmẹ́ńtì tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà lé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde, abọ́ kò ráyè wọbẹ̀. Màá ra gálọ́ọ̀nù lítà 4, á rọ bíi lítà kan ààbọ̀ sí i, ìyókù á bá a délé. Èmi rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Láti ọdún yìí wá, orí ọ́ìlì tó ti kú ni mò ń da tuntun lé.

Oṣù Kẹjọ ni ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Ẹ́ńjìnnì ń tú èéfín dúdú, ó ń dún kọ̀kọ̀kọ̀ nínú. Ohun pupa kékeré kan wà lórí rẹ̀ tó máa ń yọrí sókè tí ọ́ìlì bá ń lọ káàkiri. Mo wò ó, kò yọrí. Mo pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Pákí abọ́ mẹ́rìndínlógún ló wà nílẹ̀, bíbó ni gbogbo rẹ̀, ti àwọn ìyá tó ti jí lọ oko láti ìdájí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti ń dúdú. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ọmọ kan tó ń ta dísẹ́ẹ̀lì ló júwe bàbá yìí fún mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ní pátákó. Tí ẹ bá ti Tákié gba ọ̀nà Ìlọrin, ẹ máa rí àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tò sábẹ́ igi máńgòrò ńlá kan. Òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ló bá mi wá.

Ohun tó kọ́kọ́ sọ yà mí lẹ́nu. Ó ní, "Ìyá Alágàrí, ẹ gbé omi gbígbóná wá." Ó da omi tútù orí ẹ́ńjìnnì nù, ó da gbígbóná sí i, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní tí ẹ́ńjìnnì bá dá ni, ṣe lèèyàn máa tàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí ọ́ìlì tútù máa ń wúwo, ìdọ̀tí á jókòó sísàlẹ̀. Tó bá ti móoru, ìdọ̀tí á bá a jáde. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ́ìlì kò lọ nínú rẹ̀, a kì í tàn án.

Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ó yọ géèjì ọ́ìlì, irin tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe pọ̀ tó, ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ ojú ihò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ fà á sínú kẹ́ẹ̀gì. Mo bi í pé, "Bàbá, níbo lẹ ti kọ́ irú èyí?" Ó ní Apápá ni, lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Àwọn ọkọ̀ tó ń fi ìgbòkun rìn náà máa ń ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré, èyí tí wọ́n fi ń wọ èbúté tí wọ́n sì fi ń jáde. Inú ìdí ọkọ̀ nísàlẹ̀ ni wọ́n ń dè é mọ́, ọwọ́ kì í dé abẹ́ rẹ̀, ojú géèjì ni wọ́n ti ń fa ọ́ìlì rẹ̀. Ọ́ìlì tó fà nínú ti èmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́ta. Ẹ rántí pé lítà kan ààbọ̀ ni onítọ̀hún ń rọ.

Ó wá yọ asẹ́ tó wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ gbọ́, ó ti dí pátápátá! Ohun dúdú kan ló bò ó, ó rí gẹ́lẹ́ bí ọṣẹ dúdú tí omi ti rọ̀. Ibẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọ́ìlì lọ. Ó fi díẹ̀ ra láàárín àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀, ó gbé e sínú oòrùn, ó ní kí n wò ó. "Ṣé ẹ rí nǹkan tó ń dán?" Mi ò rí. Ó ní kí n dúpẹ́, tó bá ń dán, irin ló ti ń jẹ ara wọn nínú yẹn. Bó bá sì funfun bí omi ẹ̀kọ, omi ti wọ ọ́ìlì nìyẹn. Ti dúdú lásán kò lẹ́rù, ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì kì í pẹ́ dúdú. Dísẹ́ẹ̀lì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ló fi fọ asẹ́ náà títí wáyà rẹ̀ fi hàn.

Ọ́ìlì tuntun, SAE 40, ló rọ sí i, ojú mi ló ṣe já ìdérí rẹ̀. Ó ń rọ, ó ń dúró, ó ń wo géèjì, kò jẹ́ kó kọjá àmì òkè, ó ní àpọ̀jù náà ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ó pààrọ̀ fítà dísẹ́ẹ̀lì, ó lé afẹ́fẹ́ jáde títí ìfófó fi tán. Kó tó tàn án, ó gbé irin kékeré orí ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ́ kó gbiná sókè, ó yí háńdù bí ìgbà ogún kí ọ́ìlì lè kọ́kọ́ dé ibi gbogbo. Nígbà tó tàn, ohun pupa náà yọrí. Mo pariwo!

Owó rẹ̀ ga o. N12,000 ló gbà fún iṣẹ́ nìkan, ẹni àkọ́kọ́ kì í gbà ju N5,000 lọ. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ yẹn sì ni pákí máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi. Fóònù rẹ̀, ó lè dún títí kó má gbé e; ẹ lọ bá a fúnra yín láàárọ̀. Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ́ìlì àtijọ́ kò sì jẹ́ kí n dà sí gọ́tà, ó gbé e lọ sínú dúróòmù rẹ̀, àwọn káfíńtà ń rà á láti fi kun pákó nítorí ikán.

Wákàtí 100 ló ní kí n máa lò kí n tó pààrọ̀. Mo wá fi ṣọ́ọ̀kì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wákàtí kan, ìlà kan. Ìlà 69 ló wà lára ògiri lónìí.