Ilé-ẹ̀kọ́ Àjọní ní Massachusetts: Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Dára, Owó Rẹ̀ Ló Gba Àròjinlẹ̀

Ọmọbìnrin mi ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ìlú wa àti ìlú méjì tó múlé tì wá jọ ní ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Mo kọ èyí fún àwọn òbí Yorùbá tó ń gbèrò láti ra ilé ní irú ìlú bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, n kò ní ẹ̀sùn kankan. Àwọn olùkọ́ mọṣẹ́, yàrá sáyẹ́ǹsì pé, kò sì sí èyí tí ìlú wa nìkan ì bá lè dá ṣe nínú wọn.

Bí wọ́n ṣe ń san owó rẹ̀ ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa. Ìlú 351 ni ó wà ní ìpínlẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tóbi tó láti dá kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Orí 71 nínú òfin ìpínlẹ̀ ni ó fún wọn láyè láti pawọ́ pọ̀, gẹ́gẹ́ bí Holden, Paxton, Princeton, Rutland àti Sterling ti ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ àjọní tí wọ́n ń pè ní Wachusett. Wọn a kọ ìwé àdéhùn tó sọ iye aṣojú tí ìlú kọ̀ọ̀kan ní, bí wọn yóò ṣe pín owó ilé kíkọ́ àti owó iṣẹ́ ojoojúmọ́, àti ọ̀nà tí ìlú tó bá fẹ́ kúrò yóò gbà kúrò. Kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé bí èésú ni, tí oníkálukú ń dá iye kan náà, yóò ṣìnà. Ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣírò iye tó kéré jù tí ìlú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ san, ó sì ń wo iye tí ilé àti ilẹ̀ ibẹ̀ tó àti owó tó ń wọlé fún àwọn ará ibẹ̀. Ohun tó bá kù ni wọ́n ń fi àdéhùn pín. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìlú náà bá ti fọwọ́ sí ìṣúná ní ìlànà yìí, ó ti tó. Ṣùgbọ́n wọ́n tún lè fi ìṣirò ìpínlẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lo tiwọn, bí Amherst, Pelham, Leverett àti Shutesbury ti ṣe. Nígbà náà, gbogbo ìlú ló gbọ́dọ̀ gbà, ìlú kan ṣoṣo sì lè dá a dúró. Mo fara mọ́ ìlànà kìíní jù, nítorí kò fi ọmọ ìlú mẹ́ta sábẹ́ ìbínú ìlú kan.

Síbẹ̀, ojú wa rí i. Ní ọdún kan, ìlú wa àti ìkejì kọ ìṣúná náà, ọjọ́ kìíní oṣù Keje sì bá wa láìsí ìṣúná. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, kọmíṣánnà ni ó ń pinnu iye tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò máa ná lóṣooṣù, èyí tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá kan nínú méjìlá ìṣúná ọdún tó kọjá. Ilé-ẹ̀kọ́ ṣí, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba olùkọ́ tuntun sípò èdè Sípéènì tó ṣófo, ọmọ mi sì pàdánù oṣù mẹ́ta. N kò dá àwọn àgbà àdúgbò wa tí wọ́n dìbò lòdì lẹ́bi, nítorí láti ọdún 1980 ni òfin kò ti jẹ́ kí àpapọ̀ owó-orí ilé tí ìlú ń gbà pọ̀ sí i ju ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún, yàtọ̀ sí ti ilé tuntun, àyàfi bí àwọn ará ìlú bá dìbò fún un. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fi kún tirẹ̀, lára owó panápaná, ọ̀nà àti ọlọ́pàá ni yóò ti yọ.

Ohun tó dùn mí jù lọ ni ti bọ́ọ̀sì. Òfin ṣèlérí pé ìpínlẹ̀ yóò dá owó bọ́ọ̀sì padà fún àwọn ọmọ tí ilé wọn jìnnà tó máìlì kan àbọ̀, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé bí ìṣúná ìpínlẹ̀ bá ti mọ ni, ọ̀pọ̀ ọdún ni owó náà kò sì pé. Ìlérí yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn ìlú gbà láti para pọ̀. Ó yẹ kí wọ́n mú un ṣẹ pátápátá.

Èmi yóò tún ra ilé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé ìlú, kí ẹ béèrè ìwé àdéhùn náà, kí ẹ sì ka apá tó sọ nípa pípín owó. Ìbò méjì ni mo ti dì ní ìpàdé ìlú kí n tó kà á.