Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú sọ́fítíwíà CAM tí mo fi ń gé ojú irin tó tẹ̀ lóròó àti níbùú

Iṣẹ́ àṣekágbá ti ń lọ geere fún ogójì ìṣẹ́jú kí ọ̀bẹ tó rì wọ inú alumíníọ̀mù níṣojú mi. Etí mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ̀rọ agé-irin tí kọ̀ǹpútà ń darí, tó ti ń kùn jẹ́ẹ́ látàárọ̀, ṣàdédé ké tòò, àyà mi já. Kí ọwọ́ mi tó kan bọ́tìnnì pupa, kòtò gbọọrọ kan ti wà lójú mọ́ọ̀dù tí mo ti ń gé láti àárọ̀. Mo wọ̀n ọ́n: gígùn rẹ̀ jẹ́ 30 mm, jíjìn rẹ̀ láàárín jẹ́ 2.5 mm. Mo jókòó sílẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń mọ apá fáànù ńlá kan ni. Apá fáànù tẹ̀ lóròó, ó tẹ̀ níbùú, ó tún lọ́ díẹ̀ láti ìdí dé ṣóńṣó, débi pé kò sí ibi tí èèyàn lè gbé rúlà lé tí kò ní mì. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kọ G-code, ìyẹn èdè ìtọ́ni tí ẹ̀rọ ń kà, fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi ra sọ́fítíwíà CAM yìí, tó ń sọ àwòrán orí kọ̀ǹpútà di ìtọ́ni fún ẹ̀rọ, nìyẹn, ó sì yẹ kí n sọ ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ kí ìbínú tó gbé mi lọ.

Ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ rí roboto máa ń fi ebè tín-ín-tín sílẹ̀ láàárín ìlà kan sí èkejì, bí ebè oko gẹ́lẹ́. Bí ọ̀bẹ bá fẹ̀ tó 10 mm, tí ìlà sì fi 0.4 mm jìnnà síra, ebè orí ibi tó tẹ́jú kò ju 0.004 mm lọ. Ọwọ́ kì í mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń tẹ́ ìlà bí ẹni tó ń wò ó láti òkè. Tó bá dé ibi tó dagun ní ìwọ̀n dígírì 60, àlàfo 0.4 yẹn á di 0.8 lójú irin, ebè á sì ga tó 0.016 mm, ìlọ́po mẹ́rin. Ìgbà yẹn ni sáńpépà máa ń bẹ̀rẹ̀, apá á sì máa ro èèyàn di ọjọ́ kejì. Èyí tuntun ń wọn àlàfo náà lójú irin fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi gé, mo fi àtàǹpàkò ra á láti ìdí dé ṣóńṣó, mi ò mọ ibi tí ìlà kan parí sí. Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ẹni tó wà nítòsí wá fọwọ́ kàn án.

Ẹ wá rí i pé ọjọ́ tó bà mí nínú jẹ́, mo ti wo ìdánwò ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Kò sí àbàwọ́n kankan.

Mo kọ̀wé sí àwọn oníbàárà wọn. Rárá, àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn ni mo ń wí. Ọ̀dọ́kùnrin kan dáhùn: "Ẹ yọ sọ́fítíwíà náà kúrò, kí ẹ tún un fi sórí kọ̀ǹpútà, sà." Mo ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ẹ̀rọ mi ló ti gbó, pé ó ní láti jẹ́ pé skúrù Z, èyí tó ń gbé ọ̀bẹ lọ sókè sódò, ti jẹ. Mo gbé gééjì lé e: 0.01 mm ni gbogbo ìyẹ̀gẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ni 0.01 fẹ́ fi 2.5 ṣe? Lọ́jọ́ kẹta, ó fi fídíò ìkọ́ni ránṣẹ́, èyí tí mo ti wò kí n tó ra ohun tí wọ́n ń tà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò bèèrè fáìlì mi lẹ́ẹ̀kan péré. Ohun tó ṣì ń dùn mí jù nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin àgbà kan gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì pè mí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkíni: "Ìlà wo ni ẹ̀rọ wà nígbà tó rì?"

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: ìlà N18432 nínú G-code. Ó ní kí n fi ogún ìlà tó yí i ká ránṣẹ́. Kò tó ìdajì wákàtí tó fi padà pè. "Ẹ wo G18 tó wà lókè rẹ̀."

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí sọ́fítíwíà náà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ti tan ohun kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Dípò kó máa kọ ìlà tààrà kéékèèké, ó ti ń kọ ibi tó tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí apá òbírí. Bí òbírí bá dùbúlẹ̀, G17 ni, kò sí wàhálà. Èyí tó bá dúró lórí X (òsì sí ọ̀tún) àti Z (ìsàlẹ̀ sí òkè), G18 ni. Ẹni tó dúró níwájú ẹ̀rọ tó rí ọ̀bẹ tó ń gun òkè kékeré lọ sápá ọ̀tún á ní ó ń yí bí ọwọ́ aago, G02. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀rọ, láti ìhà Y, ni òfin G18 ti ń wò ó, G03, òdìkejì ọwọ́ aago, ló sì yẹ kó jẹ́. Post-processor, ìyẹn ògbufọ̀ tó ń sọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà di èdè ẹ̀rọ, kọ G02. Nítorí pé R (láti àárín òbírí dé etí rẹ̀) ló fi sọ ìwọ̀n òbírí náà, ẹ̀rọ rí òbírí mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ níbi kan náà tó sì parí níbi kan náà, àmọ́ tó tẹ̀ sísàlẹ̀. Ibi tó yẹ kó fi 1.25 mm gòkè, ó fi 1.25 mm rì. Àpapọ̀ rẹ̀ ni 2.5 tí mo wọ̀n.

Gígé àkọ́kọ́, èyí tó ń kó irin tó pọ̀jù kúrò kí àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀, kò fi àṣìṣe yìí hàn torí pé G17 ni gbogbo òbírí rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nínú àṣekágbá tó tẹ̀ lé e, etí mọ́ọ̀dù tó tẹ́jú ló ń gé. Ìdánwò ojú kọ̀ǹpútà ńkọ́? Kì í ka G-code. Ohun tó wà kí ògbufọ̀ tó fọwọ́ kàn án ló ń fi hàn. Mo ti ń gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán yẹn láti ọjọ́ tí mo ti rà á.

Mo ní kí n kúkú pa òbírí náà. Ó ní rárá: àpótí ìdarí ẹ̀rọ mi ti pẹ́, bí gbogbo rẹ̀ bá di ìlà tààrà kéékèèké, á máa ta gìrì lójú ibi tó tẹ̀, àpá á sì hàn. Òótọ́ ni, mo ti rí i rí. Ó tún post-processor náà kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní kí n gbé Z sókè ní 50 mm kí n jẹ́ kó gé afẹ́fẹ́. Ó dúró lórí fóònù títí ìlà àkọ́kọ́ fi kọjá òkè náà láìrì. "Ẹ̀bi wa ni," ló wí. "Ẹ má bínú." Òun nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn.

Irin mi ṣì nípọn lábẹ́, mo bá sọ gbogbo ojú mọ́ọ̀dù náà kalẹ̀ ní 3 mm, mo sì tún un gé. Kòtò yẹn lọ pátápátá. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà lórí tábìlì mi, ó ń dán.

Àtúnṣe mìíràn ti dé látìgbà náà. Ìwé tó bá a wá kò mẹ́nu kan G18 rárá, ìdánwò wọn kò sì tíì máa ka G-code. Mo ti sanwó ọdún tó ń bọ̀, torí mi ò rí èyí tó ń tẹ́ ìlà lójú irin tó tẹ̀ bíi tirẹ̀. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, ẹ wá G18 nínú fáìlì yín kí ẹ tó tan ẹ̀rọ.