Ẹ ṣọ́ra fún graphics card ayédèrú tó ń jẹ́ orúkọ GTX 1050 Ti

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti ra graphics card mìíràn, èyí tó ń gbé àwòrán jáde sójú mọ́nítọ̀, sínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó mú owó jáde nílé. Ayédèrú káàdì kan wà lórí àtẹ báyìí tó jẹ́ pé irọ́ tí wọ́n fi pilẹ̀ rẹ̀ kò mọ sí ara páálí àti sítíkà nìkan. Káàdì náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ní irọ́ pípa, débi pé bí ẹ bá fi sínú kọ̀ǹpútà tí ẹ sì wo orúkọ rẹ̀ nínú Windows, orúkọ ẹlòmíràn ni yóò jẹ́ fún yín. Mo ti ra ọ̀kan. ₦85,000 ni mo san.

Iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn, Dell OptiPlex 7010 kan tí mo ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo sì fi ń to fídíò náà pọ̀. Nígbà tí káàdì tó wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà aláwọ̀ ewé kọjá lójú mọ́nítọ̀, mo mọ̀ pé ọjọ́ rẹ̀ ti pé. Power supply, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà mi, kò ju wáàtì 275 lọ, kò sì ní wáyà kankan tó wà fún graphics card, nítorí náà kì í ṣe gbogbo káàdì ló lè gbé. Ìdí tí mo fi ń wá GTX 1050 Ti nìyẹn. Oṣù Kẹwàá ọdún 2016 ni NVIDIA, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, gbé e jáde, wáàtì 75 ló ń jẹ, ojú ihò tí a ń kì í bọ̀ lórí motherboard, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, sì lè pèsè gbogbo rẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́ wáyà mìíràn. Àwa tí ẹ̀rọ wa ti dàgbà tí owó wa kò sì tó ra tuntun, òun ni ọ̀pọ̀ wa ń béèrè, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn oníjìbìtì ti lúgọ dè wá.

Mo lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn mọ èèyàn pọ́n lé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tòkunbọ̀ tó mọ́ ni, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín.” Ó fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ṣí ojú ibi tí orúkọ rẹ̀ máa ń hàn sí, mo sì rí GTX 1050 Ti níbẹ̀ pẹ̀lú ìrántí 4GB gbágbáágbá. Lẹ́yìn tí mo sanwó, ó ṣe nǹkan méjì tó yẹ kí n bi í léèrè. Ó mú wáyà kékeré kan fún mi, pé kí n fi fa iná fún káàdì náà láti ara wáyà tó ń lọ sí hard disk. Lẹ́yìn náà ó fún mi ní fíláàṣì kan, ó ní, “Driver inú èyí nìkan ni kí ẹ lò o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ́ kí Windows ṣe update rárá.” Driver ni sọ́fútíwíà tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún inú rere rẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀ padà sílé.

Lọ́jọ́ kìíní, kò sí ìyọnu, nítorí pé n kò ṣe ju kí n ṣí fáìlì kí n sì tì í lọ. Lọ́jọ́ kejì mo ní kó máa ṣe fídíò ìgbéyàwó kan jáde, kò sì tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí kọ̀ǹpútà náà fi kú pátápátá bí ẹni pé wọ́n mú iná lọ, bẹ́ẹ̀ iná wà. Ìgbà mẹ́ta ni mo tún un gbìyànjú. Ní òru ọjọ́ náà, Windows lọ mú driver tuntun wá fúnra rẹ̀, mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn, nígbà tó sì padà, gbogbo lẹ́tà orí rẹ̀ ti wú, àmì ìkìlọ̀ aláwọ̀ òféfèé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ káàdì, wọ́n kọ Code 43 síbẹ̀, ìyẹn ni pé Windows ti dá káàdì náà dúró nítorí ìṣòro. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń dá OptiPlex mi lẹ́bi, tí mo ń bẹ ọlọ́jọ́ ìgbéyàwó pé kó ní sùúrù.

Nígbà tí mo wá fi sọ́fútíwíà tí wọ́n ń pè ní GPU-Z yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ kọ síwájú orúkọ káàdì náà ni FAKE. Mo tú fáànù rẹ̀, mo fi tíṣù nu ọ̀dà funfun tó gbẹ mọ́ ṣíìpù, mo tan iná fóònù sí i. Ohun tí mo kà lára rẹ̀ ni GF116. Ṣíìpù GTX 550 Ti nìyẹn, èyí tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2011. Wọ́n kàn gbé agbádá ọmọ ẹlòmíràn wọ̀ ọ́ ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Gbogbo graphics card ló ní BIOS kékeré kan nínú, níbi tí orúkọ rẹ̀ àti ìwọ̀n ohun tó lè gbé wà. Oníjìbìtì á pa ti àtijọ́ rẹ́, á kọ orúkọ tuntun síbẹ̀, Windows á sì ka ohun tó bá bá níbẹ̀ láìjanpata. Ṣùgbọ́n orúkọ kò yí iṣẹ́ padà. CUDA core, àwọn ẹ̀yà kékeré tó ń ṣe ìṣirò nínú ṣíìpù, 768 ló wà nínú ojúlówó GTX 1050 Ti, 192 péré ló wà nínú GTX 550 Ti. Wáàtì 116 ni ti àtijọ́ yìí ń jẹ, ìdí nìyẹn tí ó fi nílò wáyà, ìdí nìyẹn náà tí power supply mi fi ń kú lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ju ìrántí 1GB lọ ní tòótọ́, nítorí náà nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ̀rọ á máa gbé ẹrù lọ sí yàrá tí kò sí nínú ilé. Ní ti fíláàṣì ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ọdún 2018 ni NVIDIA ti dáwọ́ driver tuntun dúró fún ìran káàdì náà, èyí tó ń jẹ́ Fermi, nítorí náà kò sí driver òde òní tó lè dá a mọ̀.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ̀yìn káàdì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, níbi tí wáyà mọ́nítọ̀ ti ń wọlé. Bí ẹ bá rí VGA níbẹ̀, ẹnu aláwọ̀ búlúù tó ní ihò 15, tí wọ́n sì pè é ní GTX 1050 Ti, ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹ máa lọ. NVIDIA ti yọ irú àmì tí VGA ń lò kúrò nínú ṣíìpù ìran GTX 1050 Ti. Káàdì tèmi ní in. Mo rí i lọ́jọ́ tí mo rà á, mo tiẹ̀ rò pé àǹfààní ni. Ti wáyà iná nìkan kò tó fi dájọ́, nítorí pé àwọn ojúlówó kan wà tí ilé iṣẹ́ fi ẹnu wáyà sí.

Ẹ gbé GPU-Z tiyín dání nínú fíláàṣì, kí ó jẹ́ pé ojúlé TechPowerUp tó ni ín ni ẹ ti gbà á. Láti ẹ̀dà 2.12.0 tó jáde lọ́dún 2018 ló ti ń tú irú ayédèrú yìí fó. Ẹ má lo èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà ọlọ́jà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi dátà fóònù yín gba driver láti ojúlé NVIDIA, kí wọ́n sì fi sí i lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ ti fún yín lésì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá RX 580, graphics card ti ilé iṣẹ́ AMD, náà, ẹ ka iye core rẹ̀. AMD fúnra rẹ̀ ṣe irú kan fún ọjà Ṣáínà lọ́dún 2018, 2048 ló ní dípò 2304. Kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ san owó tó pé lé e.

Nígbà tí mo gbé tèmi padà, wọ́n ní iná NEPA ló jó o. Wọ́n tún fi ìlà tó wà nísàlẹ̀ rìsíìtì hàn mí, pé ọjà tí a bá tà kò ní àpadà. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ kò gba ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ yín: òfin ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀ fún yín láàyè láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà, àjọ FCCPC tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà sì ń gba ẹ̀sùn. Ohun tó há mi lọ́wọ́ ni pé “Graphics, 1” nìkan ni wọ́n kọ sínú rìsíìtì mi. Ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ orúkọ káàdì ní kíkún, pẹ̀lú iye GB rẹ̀.

Bàbá kan tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kejì ló bá mi dá sí i, kí wọ́n tó dá ₦60,000 padà. ₦25,000 tó kù di oṣù kẹta báyìí. N kò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sọ fún mi pé páálí páálí ni àwọn ń rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọlé, wọn kì í sì í ṣe ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí mo lọ gba owó, mẹ́ta irú rẹ̀ ṣì wà nínú gíláàsì wọn, ẹnu aláwọ̀ búlúù sì wà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.