Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yí máàkì Nàìjíríà sí ti Jámánì: ohun tí ojú mi rí níbẹ̀

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ ka másítáàsì ní Jámánì. CGPA 4.12 nínú 5.0 ló fi jáde ní yunifásítì, Second Class Upper tó dúró dáadáa. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló júwe ọ́fíìsì ejẹ́ǹtì kan fún un níbí ní Ìbàdàn, pé wọ́n máa ń bá èèyàn yí máàkì ilé wa sí ti Jámánì, ₦35,000. Ó ní kí n bá òun lọ, torí iṣẹ́ ìṣirò ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélógún kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń múra ìrìn àjò ni mo ń kọ èyí sí.

Wọ́n ṣe dáadáa láwọn ọ̀nà kan. Ọ́fíìsì wọn mọ́ tónítóní, wọn ò sì jẹ́ ká jókòó pẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà mọ èèyàn kí, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀: bó ṣe ya àwọn ìwé ẹ̀rí ọmọ wa sínú kọ̀ǹpútà, kedere lèèyàn ń ka òǹtẹ̀ ilé ìwé tó wà lórí wọn. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ yẹn nìkan ni wọ́n ń gbowó lé, mi ò bá sọ fún gbogbo ẹni tí mo mọ̀ kí wọ́n lọ.

Ìwé tí wọ́n wá tẹ̀ fún wa ló bà mí nínú jẹ́. Wọ́n lu òǹtẹ̀ pupa sí i, wọ́n sì kọ 2.01 sí i gẹ́gẹ́ bíi máàkì rẹ̀ lọ́nà ti Jámánì. Ojú ọmọ náà yí padà. Ilé ìwé kan wà tó ti fi ọkàn sí láti ọjọ́ pípẹ́, ìwé sì ti jẹ́ kó rò pé ọwọ́ òun ò lè tó o mọ́.

Mo bi ọ̀gá wọn pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo lẹ ṣe rí 2.01?”

“Fọ́múlà ni mà. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é.”

“Mo mọ̀ pé fọ́múlà ni. Nọ́ńbà wo lẹ fún kọ̀ǹpútà?”

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ní Jámánì, 1.0 ló ga jù, 4.0 ni ìpẹ̀kun ẹni tó yege, ẹni tó bá gba 5.0 ti fìdí rẹmi. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ní 5.0 ni olórí kíláàsì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo fọ́múlà tí wọ́n sọ lórúkọ ìpínlẹ̀ Bavaria. Ẹ mú máàkì tó ga jù tí ilé ìwé lè fúnni, ẹ yọ ti ọmọ yín kúrò níbẹ̀: 5.0 − 4.12 jẹ́ 0.88. Ẹ tún mú 5.0 yẹn, ẹ yọ máàkì tó kéré jù téèyàn lè fi yege: 5.0 − 1.0 jẹ́ 4.0. Ẹ fi 4.0 pín 0.88, ẹ ó rí 0.22. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 0.66. Ẹ fi 1 kún un: 1.66.

Ọ̀gá náà kò lo 1.0. Nọ́ńbà 2.40, níbi tí Second Class Lower ti bẹ̀rẹ̀, ló lò, ó ní kò sẹ́ni tó ń ka Third Class sí ní Jámánì. Ṣùgbọ́n fọ́múlà kò béèrè bóyá Third Class wúlò. Ibi tí yíyege ti bẹ̀rẹ̀ ló ń béèrè. Mo yí transcript ọmọ wa sẹ́yìn, mo nàka sí i: ilé ìwé rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti 1.00 ni Pass ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé ìwé tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 1.50 ni, 1.75 ni ì bá jẹ́. Ẹ̀yìn transcript yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya iwájú nìkan sínú kọ̀ǹpútà.

Lóòótọ́, “gut” (ìyẹn “ó dára”) ni wọ́n ń pe àti 1.66 àti 2.01. Ṣùgbọ́n níbi tí àyè bá ti kéré tí wọ́n sì ń fi máàkì tò wọ́n, ẹni tó ní 1.66 ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè.

Ohun tó tún dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó béèrè ìwé olóǹtẹ̀ yẹn. Yunifásítì fúnra rẹ̀, tàbí uni-assist, àjọ kan ní Berlin tó ń bá àwọn yunifásítì yẹ ìwé àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè wò, ló ń yí máàkì. Owó ìwé ìbéèrè àyè àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ uni-assist jẹ́ 75 yúrò, ìkọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e ní sáà kan náà jẹ́ 30 yúrò. Àwọn yunifásítì kan máa ń béèrè ìwé tí wọ́n ń pè ní VPD, uni-assist ló ń ṣe é, máàkì tí wọ́n ti yí sì máa ń wà nínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá Jámánì ka yunifásítì yín sí, ọ̀fẹ́ ni anabin, àkójọ orúkọ àwọn ilé ìwé ilẹ̀ òkèèrè tí Jámánì ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì. H+ ni kí ẹ máa wò níwájú orúkọ rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé wọ́n kà á sí.

Ọ̀gá náà tún ìwé tẹ̀, ó sì kọ 1.66 sí i. Mo ní kó dá owó wa padà. ₦10,000 ló dá padà, ó ní iṣẹ́ ti gba ìyókù. Mi ò lè júwe ibẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni, àfi tó bá jẹ́ ìwé ló fẹ́ yà sínú kọ̀ǹpútà.

Nínú Màrúwá tó ń gbé wa lọ sílé, ọmọ náà gba bírò lọ́wọ́ mi, ó yí rìsíìtì sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, 1.66 ló rí. Ó wá kọ orúkọ ilé ìwé yẹn padà sórí ìlà àkọ́kọ́.