Owó tí mo yá fún iṣẹ́ abẹ fáíbírọ́ìdì: áàpù, gbọ́múlélántà, kọ́pù àti àjọ

Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ mi (PCV) wà ní 24 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí dókítà yẹ̀ mí wò nítorí fáíbírọ́ìdì (kókó inú ilé ọmọ) ní oṣù kejì ọdún yìí. Ó ní òun kò lè fi abẹ kan ara mi báyìí, kí n lọ máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ fún oṣù méjì ó lé, kó tó 30, kí n tó padà wá. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, torí ó ti sú mi kí n máa fi aṣọ dúdú jókòó ní ọjọ́ mẹ́wàá nínú oṣù. Ṣùgbọ́n àkókò yẹn ló jẹ́ kí n ráyè wá owó tí kò ní pa mí bí fáíbírọ́ìdì kò bá pa mí.

Aránṣọ ni mí l'Abẹ́òkúta. Àdìrẹ tí mo ń rà ní Ìtòkú ni mo fi ń rán bùbá àti kaba, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo sì ń lò. Iṣẹ́ abẹ, bẹ́ẹ̀dì, oògùn àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní ká tọ́jú sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 850,000 náírà. 250,000 ló wà lọ́wọ́ mi.

Dókítà kìlọ̀ fún mi pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, n kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀rọ, n kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kọ́bọ̀ kò ní wọlé nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́kọ́ bi ẹni tó bá fẹ́ yá mi lówó pé ọjọ́ wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á padà, kí n tó béèrè èlé.

Áàpù orí fóònù ni mo kọ́kọ́ dán wò. Mo yá 40,000 láti fi ya àwòrán ikùn kí n sì ṣe àyẹ̀wò. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí owó wọlé. Ní ọgbọ̀n ọjọ́, 50,000 ni wọ́n ń retí. Mo fi ọjọ́ méjì pẹ́, ni wọ́n bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà mi méjì àti ìyá ọkọ mi pé oníjìbìtì ni mí. Mo sunkún gan-an. Láti 2023 ni Google ti ka á léèwọ̀ fún áàpù ayánilówó tó wà lórí Play Store wọn láti máa wo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù èèyàn, ṣùgbọ́n líǹkì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ni mo ti gba tèmi. FCCPC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní àkójọ àwọn ayánilówó orí fóònù tó fún láṣẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí báńkì máíkírófáínáǹsì kan, èyí tí àwọn obìnrin ọjà ń pè ní gbọ́múlélántà. Wọ́n gbà láti yá mi ní 600,000 fún ọ̀sẹ̀ 24, èlé 5% lóṣù lórí gbogbo owó náà, kódà nígbà tí mo bá ti san ìdajì. Wọ́n á yọ 60,000 sílẹ̀ bí owó ìfipamọ́, 540,000 ni màá kó lọ ilé. 32,500 ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ṣírò rẹ̀: kí n tó lè fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ, màá ti jẹ wọ́n ní ìgbà márùn-ún, 162,500. Bí n kò bá sì rí i san, àwọn obìnrin tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo dìde.

Èmi kò dé ọ̀dọ̀ sogúndogójì rárá.

Kọ́pù (ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀) àwa aránṣọ ni mo padà sí. Mo ní 200,000 níbẹ̀, wọ́n sì máa ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun téèyàn ní. 400,000 nìyẹn, èlé 40,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká san án láàárín oṣù mẹ́wàá. Mo mú ìwé dókítà lọ, mo sì bẹ ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n fún mi ní oṣù méjì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í san. Alága kà á, ó ní, "Ìyá Fèyí, lọ tọ́jú ara rẹ ná." Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi dúró kí ó tó kàn mí, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀wé ló ń kọ́kọ́ gbà. Bó bá jẹ́ pé àìsàn pàjáwìrì ni, kọ́pù kò lè gbà mí.

200,000 tó kù, àjọ ni. Àwa mẹ́wàá ni, 20,000 lóṣù, kò sí èlé. Ìyá alájọ wa ló máa ń kọ́kọ́ kó o, ṣùgbọ́n wọ́n fi tiwọn sílẹ̀ fún mi, wọ́n sì gba ipò kẹjọ tó jẹ́ tèmi. Ọkọ mi ló san 20,000 náà fún oṣù méjì tí mo fi wà nílé.

Oṣù karùn-ún ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Òpin oṣù keje ni mo san 44,000 àkọ́kọ́ fún kọ́pù.

Ohun kan nípa kọ́pù ṣì ń dùn mí. Títí màá fi san gbèsè mi tán, owó àwọn méjì tó ṣe onídùúró fún mi ti há síbẹ̀, wọn kò lè yá nǹkan kan. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn ti gba ìwé yunifásítì. Kò tíì sọ ohunkóhun fún mi, ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá, 60,000 ni mo ń san.