Họ́ọ̀sì Fákúùmù fún Ọkọ̀ Àtijọ́: Èwo Ni Kí Ẹ Rà, Ibo Ló Máa Wà?

Ìjàpá tí iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry ní 1975, Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kaduna, Mercedes W123: irú ọkọ̀ báyìí làwọn èèyàn Badagry ń fẹ́ tún ṣe. Wọ́n á kun ọkọ̀, wọ́n á tún ìjókòó rán, wọ́n á tún kabúrétọ̀ ṣe, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n ní sílò. Rọ́bà tíńtín tó ń gbé fákúùmù, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, ni wọn ò pààrọ̀. Níbi tó bá ti là, afẹ́fẹ́ tí kò gba inú kabúrétọ̀ kọjá á máa wọlé, epo ò ní tó afẹ́fẹ́ mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa sáré kọjá ààlà tàbí kó máa kú.

Ohun tó ń gba owó lọ́wọ́ olùrà jù ni pé ó ń wá rọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó máa bá gbogbo ọkọ̀ mu. Kò sí irú ẹ̀. Ibi tí họ́ọ̀sì ń lọ ló ń sọ èyí tí ẹ máa rà.

Sílíkónì tàbí EPDM

Oríṣi rọ́bà méjì ni wọ́n. Àwọn méjèèjì lẹ máa bá pàdé ní ASPAMDA, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Trade Fair. Sílíkónì ń fara da ooru tó nǹkan bíi 200°C, EPDM ń gbà tó 125 sí 150. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Okokomaiko, níbi tí ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í rí ọ̀nà jáde, ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì fún họ́ọ̀sì tó bá sún mọ́ ẹnu sàláńsà lára ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n sílíkónì rọ̀. Bí ara rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, fákúùmù á fà á pa, inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra, kílípù tí etí rẹ̀ mú sì máa ń gé e. Kí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 2, ó kéré tán. EPDM le díẹ̀ jù ú lọ, oòrùn kì í tètè là á, owó rẹ̀ sì rọjú. Fún ìlà tó ti kabúrétọ̀ lọ sí dísítíríbútọ̀ (ohun tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì) lára Ìjàpá tàbí 504, EPDM làwa máa mú.

Ibi tí ọ́ìlì bá ti dé

Sílíkónì àti EPDM, méjèèjì ò bá epo rẹ́. Họ́ọ̀sì tí èéfín ọ́ìlì ń gbà jáde nínú ẹ́ńjìnnì lọ sí fìlítà afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ NBR, rọ́bà tó ń fara da ọ́ìlì. Tí àkọlé ara rẹ̀ ò bá yé yín, ẹ gé bíi sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ jù ú sínú ìgò tí pẹ́tírólù díẹ̀ wà, ẹ gbé e jìnnà sí iná àti jẹnẹrétọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bó bá wú tó sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, kì í ṣe ti ọ́ìlì.

Èyí tó wọ aṣọ

Ọkọ̀ Jámánì ló ń lo họ́ọ̀sì tí wọ́n fi aṣọ híhun bo rọ́bà rẹ̀, ihò inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 3.5. Òun ló bá ìrísí àtijọ́ mu jù. Àléébù rẹ̀ ni pé aṣọ máa ń bo rọ́bà tó ti là mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀: rọ́bà inú gbọ́dọ̀ dúdú, kó jọ̀lọ̀, kó má rú ìyẹ̀fun sí yín lọ́wọ́. Abẹ tuntun ni kí ẹ fi gé e; páláyà máa ń tú aṣọ rẹ̀ ká.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ má wọn ẹnu họ́ọ̀sì àtijọ́, torí ó ti fẹ̀ bí ẹnu fèrè. Àárín rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n, tàbí imú irin tó ń wọ̀. Họ́ọ̀sì mìlímítà 4 lórí imú 3.5 á máa jò láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mítà kan tó ìlà dísítíríbútọ̀ Ìjàpá, á tún ṣẹ́kù. Kílípù tí kì í dípẹtà ni kí ẹ rà, torí afẹ́fẹ́ òkun Badagry ò ní jẹ́ kí ti irin lásán pẹ́. Họ́ọ̀sì tòkunbọ̀, ẹ má rà á rárá.

Ti bọ́ọ̀sítà búréèkì

Ibí ni kí ẹ má ti ṣọ́wó ná. Bọ́ọ̀sítà ló ń fi fákúùmù ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ búréèkì. Họ́ọ̀sì rẹ̀ nípọn, ó ní okùn nínú ara, wọ́n ṣe é kí fákúùmù má lè fà á pa. Họ́ọ̀sì omi ò lè dípò rẹ̀. Fáàfù tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́: afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ lè ti bọ́ọ̀sítà lọ sí ẹ́ńjìnnì, kó má lè padà. Ẹ fẹnu fẹ́ ẹ wò kí ẹ tó dè é.

Ẹ máa pààrọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ búréèkì ní ìgbà 5 tàbí 6 títí á fi le, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ wá sítáàtì: ó gbọ́dọ̀ rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Fún ọkọ̀ pẹ́tírólù tára rẹ̀ dá, gééjì fákúùmù á dúró láàárín ínṣì mákúrì (inHg) 17 sí 21 ní sílò, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò sì ní máa gbọ̀n.

W123 tó ń lo díísù yàtọ̀. Fákúùmù ló ń pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, òun náà ló ń ti ilẹ̀kùn. Bí rọ́bà kékeré kan bá là nínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ lè yí kọ́kọ́rọ́ padà kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́ lọ. Nítorí náà, ẹ ra rọ́bà ìsopọ̀ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀ mọ́ ti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.