Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́, asẹ́ tí a so mọ́ igi, àbí kámẹ́rà inú igbó: èwo ni kí ẹ rà?

Bí ẹranko ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ni irun, itọ́ àti èèpo ara rẹ̀ wíńníwínní ń fò sínú afẹ́fẹ́. DNA rẹ̀, ìyẹn àmì inú ara tó ń fi irú ẹranko tó jẹ́ hàn, wà nínú wọn; asẹ́ lè gbà á, kí ibi àyẹ̀wò (láàbù) sì fi í mọ irú ẹranko tó wà nítòsí. Ní 2022, ikọ̀ méjì jábọ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nínú ọgbà ẹranko: ti Hamerton ní Ẹ́ńgílándì rí irú ẹranko 25, ti Copenhagen ní Denmark rí 49, tó fi mọ́ ẹja guppy tó wà nínú omi!

Ẹ̀rọ tó ń fi fáànù tàbí pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ ni mo fara mọ́ jù fún ẹni tó fẹ́ fi oṣù kan wé òmíràn, torí a lè mọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó gba inú rẹ̀ kọjá. Bátìrì àti òjò ni ìṣòro rẹ̀. Asẹ́ tí a so mọ́ igi kò nílò iná, ẹ sì lè so ó káàkiri, àmọ́ ẹ ò ní mọ iye afẹ́fẹ́ tó kàn án, oòrùn sì ń ba DNA jẹ́. Ní Ọsirélíà, òwú aláǹtakùn pàápàá ti ṣe iṣẹ́ yìí.

Kámẹ́rà ńkọ́? Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ “mélòó ni wọ́n?” tàbí “aago mélòó ló kọjá?”, kámẹ́rà ni kí ẹ rà. DNA inú afẹ́fẹ́ kò lè ka ẹranko, kò sì lè sọ bóyá ó ṣì wà láàyè. Atẹ́gùn tún máa ń gbé e: ní Hamerton, wọ́n rí DNA ẹkùn ní ibi tó jìnnà tó mítà 200 sí ilé rẹ̀, wọ́n sì rí ti ẹran tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn ẹranko. Ṣùgbọ́n àdán, ọ̀pọ̀lọ́ àti eku kéékèèké tí kámẹ́rà kì í sábà rí, asẹ́ lè mú DNA wọn.

Láàbù ló gba ìrònú jù, ẹ jọ̀wọ́. Bí wọn ò bá ní àkọsílẹ̀ DNA àwọn ẹranko agbègbè yín, wọn ò ní lè dárúkọ ohun tí ẹ̀rọ yín mú. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń yẹ asẹ́ òfìfo, ìyẹn èyí tí a kò lò rárá, wò pẹ̀lú tiyín, torí DNA èèyàn, ajá àti oúnjẹ wa máa ń kó wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn yín pé ẹnu ẹ̀rọ náà ṣeé fi bílíìsì fọ̀ àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n di asẹ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó náwó, ẹ kàn sí ibùdó tó ń wọn ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ nítòsí yín. Ní 2023, àwọn onímọ̀ rí irú ohun alààyè tó lé ní 180 lára asẹ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ méjì ní Bìrìtìkó, láìra ẹ̀rọ tuntun kankan.